Ẹ Má Fi Omi Oògùn Mú Ọmọ Sùn: Àlọ́ Ni Kí Ẹ Pa Fún Un

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ oorun ọmọdé ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, àti ọ̀rọ̀ àlọ́ tí àwọn òbí wa máa ń pa fún wa kí oorun tó gbé wa lọ. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ni ó kan nọ́ọ̀sì nínú àlọ́? Ṣebí abẹ́rẹ́ àti egbò ni iṣẹ́ tirẹ̀." Ó kàn wá púpọ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń gbé wá sí dìsípẹ́ńsárì tí ó jẹ́ pé àìsùn ni gbogbo ẹjọ́ wọn. Ìyá yóò wí pé, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí kì í sùn o. Bí a bá ní kí ó sùn, ńṣe ni yóò máa ké. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nǹkan tí yóò mú un sùn." Bí mo bá sì bèèrè ohun tí wọ́n ti ń lò nílé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn yóò fa ìgò omi oògùn ikọ́ yọ láti inú báàgì.

Ìgò yẹn ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ ti òní.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌGÒ

Àwọn àgbà wí pé ọmọ tí ó bá ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Òtítọ́ ni. Ìyá tí ó ti ń tajà láti àárọ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ọkọ̀, tí ó tún dáná, tí ó sì fọ aṣọ, ó ti rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Bí ọmọ bá ń ké ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí aládùúgbò sì wí pé, "Fún un ní ṣíbí kan oògùn ikọ́, yóò sùn," ìyá yóò gbà. Èmi kò bá a wí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó mọ ohun tí ó ń fún ọmọ rẹ̀.

Àwọn omi oògùn kan tí a fi ń wo ikọ́, ọ̀fìnkìn tàbí ara yíyún máa ń kun ènìyàn ní oorun. Oorun náà kì í ṣe ojúlówó oorun. Oògùn náà ni ó ń tẹ ọpọlọ ọmọ mọ́lẹ̀, bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè tẹ mímí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn ni promethazine: a kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ní oògùn yìí rárá, nítorí pé ó lè mú kí mímí rẹ̀ dúró. Ní ti omi oògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú, ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọ ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní irú rẹ̀ nínú àpótí, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu kàn án.

Ẹ rántí pẹ̀lú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òpin ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009. Omi oògùn kan tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tí ń hu eyín ni májèlé wọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́, ó sì lé ní 80 ọmọ tí ó kú ní orílẹ̀-èdè wa. Àwọn ìyá wọnnì kò ṣe ibi kankan. Wọ́n fẹ́ kí ara tu ọmọ wọn ni. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé omi oògùn kì í ṣe omi dídùn. A kì í fún ọmọ ní oògùn àyàfi bí àìsàn bá wà lára rẹ̀, tí ẹni tí ó mọ̀ nípa oògùn sì ti sọ iye tí yóò lò.

Ẹ kò sì gbọdọ̀ fún un ní ọtí, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ẹ má sì ṣe fi fídà mílíìkì tàbí omi ṣúgà sí i lẹ́nu kí ó máa mu ún sùn, nítorí pé ó ń jẹ eyín ọmọ rà.

IYE OORUN TÍ Ó TÓ ỌMỌ

Kí a tó wí pé ọmọ kì í sùn, ó yẹ kí a mọ iye tí ó yẹ kí ó sùn. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìlànà síta lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Àròpọ̀ oorun ọ̀sán àti ti òru ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí:

Láti ọjọ́ ìbí títí dé oṣù 3: wákàtí 14 sí 17.
Láti oṣù 4 títí dé oṣù 11: wákàtí 12 sí 16.
Ọmọ ọdún 1 sí 2: wákàtí 11 sí 14.
Ọmọ ọdún 3 sí 4: wákàtí 10 sí 13.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọmọ ọdún 4 bá ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ kí ó lè bá ọkọ̀ ilé-ìwé lọ, tí kò sì sùn títí di aago mọ́kànlá alẹ́, wákàtí 6 ààbọ̀ péré ni ó sùn. Bí ó bá tilẹ̀ sun wákàtí kan ní ọ̀sán, oorun rẹ̀ kò tó. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń rí tí ó ń ṣọ̀fọ̀ láìsí ìdí, tí ó ń jà, tí ó ń tòògbé ní kíláàsì, tí olùkọ́ sì ń wí pé olórí kunkun ni.

Ìlànà kan náà yìí wí pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má ṣe wo fóònù tàbí tẹlifíṣàn rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ó wá fi kún un pé nígbà tí ọmọ bá jókòó jẹ́ẹ́, kí òbí tàbí alágbàtọ́ máa kàwé fún un tàbí kí ó máa sọ ìtàn fún un. Ẹ ò rí i pé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní àgbàlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ó ti kọjá lọ?

OHUN TÍ ÀLỌ́ Ń ṢE LÁRA ỌMỌ

Èkíní, ó ń sọ fún ara ọmọ pé oorun ti dé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọpọlọ a máa tú èròjà kan tí a ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó ń pe oorun. Ìmọ́lẹ̀ tí ó mọ́ gbòò ń dá èròjà yìí dúró, ojú ọmọdé sì ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju ti àgbàlagbà lọ. Nítorí náà, ọmọ tí ó di fóònù mú sí ojú lórí ibùsùn, ńṣe ni ó ń lé oorun sẹ́yìn. Àlọ́ kò nílò ìmọ́lẹ̀. Inú òkùnkùn ni ó tilẹ̀ ti ń dùn jù.

Èkejì, ara ọmọ fẹ́ràn ohun tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ní ọdún 2009, a tẹ ìwádìí kan jáde tí a fi ìyá 405 àti àwọn ọmọ wọn kékeré ṣe. Àwọn tí wọ́n ń wẹ̀ fún ọmọ, tí wọ́n ń fi ìpara pa á lára, tí wọ́n sì ń ṣe nǹkan jẹ́jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ ní ìtẹ̀léra kan náà ní alaalẹ́ rí i láàrin ọ̀sẹ̀ 2 pé ọmọ ń tètè sùn, kò sì ń jí lemọ́lemọ́ ní òru. Ara àwọn ìyá náà sì balẹ̀ sí i.

Ẹ̀kẹta, ó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀. Ọmọ kò lè kọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́nu ẹ̀rọ tí kì í gbọ́ èsì. Ẹni tí yóò dúró dè é, tí yóò wo ojú rẹ̀, tí yóò sì dá a lóhùn ni ó ti ń kọ́ ọ. Àlọ́ wa sì jẹ́ ti ẹni méjì láti ìbẹ̀rẹ̀: bí apàlọ́ bá wí pé, "Àlọ́ o!" ọmọ gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Àlọ̀!" Bí orin bá dé, òun ni elégbè. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí ọmọ lọ́wọ́ ní ilé-ìwé, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ọmọ tí ó mọ ìtàn í sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè ilé rẹ̀ ti ní ìpìlẹ̀ tí yóò fi gbọ́ ti èdè mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, ó ń lé ìbẹ̀rù lọ. Ohùn ìyá ni ohùn tí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀. Kódà kí a tó bí i ni ó ti ń gbọ́ ọ. Bí ohùn yẹn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí oorun fi dé, ọmọ kò ní máa dìde láti wá ẹni tí ó fi í sílẹ̀.

BÍ Ẹ ÓO TI ṢE É

Ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó. Ẹ ṣe é ní ìtẹ̀léra yìí, ẹ má sì yí i padà láti alẹ́ dé alẹ́:

1. Kí ọmọ jẹun alẹ́ ní nǹkan bí wákàtí kan sí méjì kí ó tó sùn. Oúnjẹ tí kò ta, tí kò sì wúwo ni ó dára.
2. Ẹ pa tẹlifíṣàn, ẹ sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Fóònù tiyín náà, ẹ gbé e jìnnà. Ọmọ mọ̀ bí ojú yín bá wà ní ibòmíràn.
3. Ẹ wẹ̀ fún un, kí ó fọ eyín, kí ó sì tọ̀.
4. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má dojú rẹ̀ bolẹ̀.
5. Ẹ dín iná kù. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé tàbí sí ọ̀ọ̀dẹ̀, nítorí pé èéfín rẹ̀ a máa pa odidi ìdílé lójú oorun.
6. Ẹ wá pa àlọ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá bẹ̀bẹ̀ fún èkejì, ẹ sọ fún un pé ti ọ̀la ni, kí ẹ sì rí i pé ẹ pa á lọ́la. Ọmọ tí a bá ń mú ìlérí ṣẹ fún kì í janpata.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, oríkì rẹ̀ àti orin jẹ́jẹ́ tó. Ọmọ ọdún 1 sí 2 fẹ́ràn ìtàn kúkúrú tí ohùn ẹranko wà nínú rẹ̀: bí ewúrẹ́ ṣe ń ké, bí ajá ṣe ń gbó. Ọmọ ọdún 3 sí 5 ni ẹ lè pa àlọ́ Ìjàpá tí ó ní orin fún. Bí ó bá ní àná náà ni kí ẹ tún pa, ẹ tún un pa, nítorí pé àtúnpa ni ó fi ń kọ́ ọ. Láti ọdún 6 lọ, ẹ fi àlọ́ àpamọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣíwájú, kí ó fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ tó fi ìtàn mú un sùn.

ÀPẸẸRẸ KAN FÚN ẸNI TÍ KÒ NÍ ÀLỌ́ LẸ́NU

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Ìjàpá ọkọ Yánníbo sùn títí, oorun kò wá. Ó dìde, ó ní òun yóò lọ yá oorun lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ní i. Ó ń lọ lọ́nà, ó ń kọrin pé, "Oorun dà o?" kí ọmọ sì máa gbè é pé, "Ó ń bọ̀ lọ́nà." Ó dé ọ̀dọ̀ Ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ní, "Inú ilé mi tí ó móoru ni oorun tèmi wà." Ìjàpá wọlé, ooru mú un, ó jáde. Ó dé ọ̀dọ̀ Adìẹ. Adìẹ ní, "Orí igi ni tèmi wà." Ìjàpá gun igi, ó já bọ́, gbì! Ó dé ọ̀dọ̀ Ẹja. Ẹja ní, "Inú odò ni tèmi wà." Ìjàpá wọ odò, omi wọ̀ ọ́ ní imú, ó sín, ó sá jáde. Ni ó bá padà sílé, ẹsẹ̀ ń ro ó. Yánníbo ní, "Ìwọ ọkọ mi, oorun rẹ ti dé láti àárọ̀ alẹ́, orí ẹní rẹ ni ó jókòó sí tí ó ń dúró dè ọ́." Ìjàpá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó pa ojú dé, oorun gbé e lọ.

Ẹ rọra máa rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ìparí, kí orin ìkẹyìn dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí etí. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ àlọ́ púpọ̀ sí i, kí ó wá ìwé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adeboye Babalola ṣe, tàbí kí ó bi ìyá àgbà léèrè kí ó tó pẹ́ jù.

ÀLỌ́ TÍ KÒ YẸ ỌMỌ KÉKERÉ

Ẹ má ṣe fi àlọ́ dẹ́rù ba ọmọ. Ẹ má wí pé gbọ́mọgbọ́mọ ń bẹ lẹ́yìn fèrèsé, tàbí pé iwin yóò gbé ẹni tí kò bá sùn. Ọmọ ọdún 3 kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rọ̀ ẹnu àti òtítọ́. Ẹ lè fi ti iwin àti egbére pamọ́ di ìgbà tí ó bá dàgbà, ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì pọ̀ lójúde.

Ẹ má sì fi ìtàn ṣe ẹ̀sín ọmọ tí ń tọ̀ sílé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tí ó ń tọ̀ sórí ẹní kò dẹ́ṣẹ̀. Àpò ìtọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó ni. Ẹ má sì ṣe fi àlọ́ jẹ ẹ́ níyà pé, "O ṣe àìgbọràn lónìí, kò sí àlọ́." Ọjọ́ tí ọmọ ṣe àìgbọràn gan-an ni ó nílò rẹ̀ jù, kí ó lè mọ̀ pé ìjà ọ̀sán ti parí.

OHUN TÍ ETÍ ÀTI OJÚ YÍN YÓÒ RÍ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ ẸNÍ

Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù sí èmi nọ́ọ̀sì. Ìyá tí ó bá ń jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 lálaalẹ́ yóò tètè rí ohun tí àwa kò lè rí ní ìṣẹ́jú 5 tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ máa kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

Bí ọmọ kò bá yíjú nígbà tí ẹ pè é jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn, tàbí tí ó ti pé ọdún 2 tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí "màmá wá" tàbí "fún mi", ẹ gbé e wá kí a yẹ etí rẹ̀ wò. Etí tí kò gbọ́ dáadáa ni àwọn kan ń pè ní olórí kunkun.

Bí ó bá ń hanrun lóru gbogbo, tí mímí rẹ̀ ń dúró díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹran inú ọ̀fun rẹ̀ lè ti wú. Bí ó bá ń wú ikọ́ ní gbogbo òru, tí àyà rẹ̀ ń dún bí fèrè, ikọ́ sémìísémìí (asthma) ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Oògùn tí ń mú oorun wá léwu púpọ̀ fún irú àwọn ọmọ méjèèjì yìí.

Bí ó bá ń họ ìdí rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó sùn, aràn ni, oògùn rẹ̀ sì wà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e wá kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà. Bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí gìrì mú un, tàbí tí kò ṣe é jí, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Ní ti ọmọ tí ó ń pariwo lójú oorun, oríṣi méjì ni. Bí ó bá jí ní ìdájí tí ó sọ àlá tí ó lá, àlá burúkú ni. Ẹ gbá a mọ́ra, ẹ sọ fún un pé ẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ó sùn ni ó dìde tí ó ń ké, tí ojú rẹ̀ là ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ yín, tí kò sì rántí rẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ má gbọ̀n ọ́n jí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti di ti ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí oorun wọn kò bá tó, wọ́n sì ń dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Ẹ kàn ṣọ́ ọ kí ó má ṣubú.

ÌBÉÈRÈ TÍ WỌ́N MÁA Ń BI MÍ

"Yàrá kan ni gbogbo wa ń gbé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé." Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ àlọ́ náà, kí àwọn àgbà inú wọn máa gbè é. Lẹ́yìn náà kí wọ́n padà sí ìwé wọn pẹ̀lú iná tí ẹ fi nǹkan bò sí apá kan.

"Bàbá wọn kì í tètè dé nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀." Ẹ má ṣe dá ọmọ dúró de bàbá títí di aago mọ́kànlá. Kí ẹni tí ó wà nílé pa á, kí bàbá gba alẹ́ Sátidé àti ti Sọ́ńdè. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má rò pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ọmọ tí ó bá mọ ohùn yín nínú àlọ́ ni yóò lè gbé ọ̀rọ̀ wá bá yín nígbà tí ó bá pé ọdún 15.

"Mo ti gbìyànjú ní ọjọ́ mẹ́ta, kò sùn." Ìyá kan tí ó ti ń fún ọmọkùnrin rẹ̀ ọlọ́dún 4 ní omi oògùn fún oṣù méjì wí bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ní kí ó má mikàn, kí ó fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó sì máa fi ìṣẹ́jú 15 fa àkókò oorun sẹ́yìn ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, títí yóò fi dé aago mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Ọmọ náà ké, ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń tẹ́ ẹní tí ó sì ń pè é pé, "Màmá, Àlọ́ o!" Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún un tí kò fi tòògbé mọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé tí tiyín kò yí padà, ẹ gbé e wá, a ó wá ohun tí ó fà á.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó tan nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo inú àpótí oògùn yín. Ìgò tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tàbí tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà fún, ẹ kó o wá fún wa, a ó bá yín dà á nù bí ó ti yẹ. Èyí tí ó kù, ẹ gbé e sí ibi gíga tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Kí ẹ wá dùbúlẹ̀ ti ọmọ yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, nígbà tí a ó sọ̀rọ̀ nípa eyín ọmọdé. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ẹ kú alẹ́ o.